Èjìká Kì í Purọ́

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti yàrá ìmúra lọ sẹ́nu pápá kò gùn rárá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Oníife rìn ín bí ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń bá a tọ́jú iṣan ẹsẹ̀, gbé àpò ràkẹ́ẹ̀tì kọ́ apá, ó ń tẹ̀ lé e, ó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó fẹ̀yìn ti ògiri má bàa gbọ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n tún un sọ. Bí Màmá bá tún ṣe bí wọ́n ṣe ṣe lóṣù tó kọjá, èmi ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ̀gbẹ́ wọn náà ni mo máa wà. Mo mọ àwọn àmì yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi."

"Tí mo bá wò ọ́, wọ́n á rí i."

"Wọn ò ní rí i."

"Ìwọ lo rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lè wo èjìká àlejò kí wọ́n mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ṣé ojú ọmọ tí wọ́n bí ló máa ṣí kúrò lára wọn tí wọn ò ní mọ̀?"

Àbúrò náà sún àpò ràkẹ́ẹ̀tì sókè. Kò gbà, ṣùgbọ́n ta ni í bá ẹ̀gbọ́n jiyàn nígbà tí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ síta?

Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ̀rọ̀ obìnrin yìí bó ṣe rí, torí àwọn oníròyìn ti fi àsọdùn bà á jẹ́. Wọ́n ní iná wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé kì í sùn. Ó ń sùn. Ó tún ń hanrun, ẹ bi àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àmọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn dáa tí ẹsẹ̀ wọn sì yá pọ̀ lọ súà nídìí tẹ́níìsì. Ohun tí àwọn yòókù ò ní ni ìyá rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyá náà. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé nígbà yẹn, lẹ́yìn wáyà ẹgbẹ́ agbá-tẹ́níìsì kan, òun ló sì ń rán aṣọ eré fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bó bá ti fi téèpù wọ̀n wọ́n tán, á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣẹ́ etí aṣọ, á sì máa wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n lórí pápá. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa lọ kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó gbá a. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ rò pé oríire ni. "Ojú èèyàn lè purọ́," ló máa ń wí, "ẹnu èèyàn, ká má tiẹ̀ sọ ọ́. Èjìká kì í purọ́."

Ibẹ̀ ni àmì wọn ti wá. Bí ìyá bá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ ọ̀tún, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lápá ọ̀tún ọmọ. Bó bá kan ti òsì, òsì ni. Bó bá gbé ọwọ́ lé ìbàdí, àárín ara ló ń bọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé ìgbà tí òfin eré kò gba olùkọ́ni láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí ìjókòó, àwọn rẹfirí wò títí, obìnrin kan tí èjìká ń yún ni wọ́n rí. Nígbà tí òfin wá yí padà tí gbogbo ayé ń ju ọwọ́ sókè sódò sí àwọn ọmọ wọn, ó ti mọ́ ìyá àti ọmọ yìí lára tipẹ́tipẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ní ti àwọn méjì yìí, òwe náà kò nílò ìtumọ̀. Ìjókòó ni ìyá wà lóòótọ́, ní ìlà àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọmọ ti lè fi ìṣẹ́jú akàn rí i láti ìhà méjèèjì. Ife méje ni wọ́n fi gbà nínú ìdíje kan náà yìí. Ẹnikẹ́ni ò tíì gba mẹ́jọ rí.

Àmọ́ láti bí ọdún kan ni ìyá ti ń gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí kọ́kọ́rọ́ yàrá, ta ni kì í sì í gbàgbé kọ́kọ́rọ́? Nígbà tó yá, ó bẹ òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan pé kó bá òun sún ẹ̀rọ ìránṣọ òun mọ́ fèrèsé, ẹ̀rọ tí wọ́n ti tà láti ìgbà tí Oníife wà níléèwé. Lóṣù tó kọjá, ó dìde láàárín eré, ó gbé báàgì, ó ní òun ń lọ mú ọmọ òun wálé kí òjò tó dé. Ọmọ ọ̀hún rèé níwájú rẹ̀ lórí pápá tó ń làágùn. Àbúrò ló rọra fà á jókòó, àwọn òǹwòran sì rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí gan-an, bí wọ́n ṣe ń mu tíì, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí irun funfun ti ń yọjú létí rẹ̀.

"Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ?"

"Mo ti ṣe é, Màmá."

"Tún un wò. O máa ń kánjú jù."

"Mo gbọ́, Màmá."

Irú èsì bẹ́ẹ̀ kò nira fún un mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ń tutọ́ funfun. Láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú, ìyá kò ní ohun méjì tó ń jí fún lówùúrọ̀ ju ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀tì yẹn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín lọ́jọ́ kan pé, "Ọjọ́ tí mo bá kúrò lórí àga yìí, ẹ kàn lọ wá ibi tẹ́ ẹ máa sin mí sí." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, lọ́kàn Oníife, ohun kan wà tó ju ife lọ lọ́jọ́ náà: kí ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀ títí eré fi máa parí, kó dìde, kó lọ sílé, kó má mọ̀ pé ohunkóhun ṣe òun.

Ẹni tó fẹ́ bá a figagbága jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan tí wọ́n ń pè ní Kékeré, bẹ́ẹ̀ ó ga débi pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá ìmúra. Orúkọ náà kọ́ ló ń ba Oníife lẹ́rù. Olùkọ́ni rẹ̀ ni. Obìnrin tó kọ́ Kékeré níṣẹ́ ni Ọlọ́wọ́-òsì, ọ̀tá àtijọ́ Oníife, tí wọ́n ti jọ wọ̀yá ìjà ní àṣekágbá bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án kí ó tó fi eré sílẹ̀. Ọlọ́wọ́-òsì ti dàgbà, irun rẹ̀ ti hu ewú, ìjókòó olùkọ́ni ni òun náà ń jókòó sí báyìí, ní ìdojúkọ ìyá. Àmọ́ gbogbo ìṣe rẹ̀ ló ti kó wọ ọmọ náà lára. Bí ó ṣe máa ń fi ìka fa ọrùn aṣọ rẹ̀ kó tó gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni Kékeré ń fà á. Bó ṣe máa ń na ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn lẹ́yìn ilé, Kékeré náà ń nà án. Ẹni tó bá dijú díẹ̀, Ọlọ́wọ́-òsì ọjọ́un ló máa rí. Ọwọ́ nìkan ló yà wọ́n: ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ náà fi ń gbá a.

Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìpele kìíní nínú mẹ́ta, lọ wẹ́rẹ́. Ìyá fi awò rẹ̀ sójú, ó jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀tún, ọ̀tún ni. Ìbàdí, àárín ara ni. Oníife máa ń débẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀, Kékeré sì ń wò ó bí ẹni pé àjẹ́ ni. Nígbà tí sẹ́ẹ̀tì parí, àbúrò fẹ̀yìn ti àga, ó mí kanlẹ̀.

Sẹ́ẹ̀tì kejì ni nǹkan yí bìrí. Ìyá ní ọ̀tún, Oníife fò sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù sì gba òsì kọjá fìì. Ó rò pé èèṣì ni. Ìyá ní òsì, ó sáré sí òsì, bọ́ọ̀lù gba ọ̀tún. Ariwo sọ lórí ìjókòó. Ó bá ara rẹ̀ wí pé ẹsẹ̀ ló wúwo, pé oòrùn ló ń fọ́ òun lójú, gbogbo ohun tí èèyàn lè fi tan ara rẹ̀ jẹ ló sọ. Ọ̀tún tún ni, ó lọ, ó tún pàdánù.

Nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ìhà, ó gba etí ìjókòó kọjá láti mú táwẹ́ẹ̀lì. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ síwájú.

"Kí ló dè ọ́ mọ́lẹ̀? Ọlọ́wọ́-òsì yẹn fẹ́ fà ọ́ jáde bó ṣe máa ń ṣe. Má dá a lóhùn. Ibi tí mo bá júwe ni kó o lọ."

Oníife dúró pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Ó wo òdì kejì, Ọlọ́wọ́-òsì jókòó pẹ̀lú ewú orí rẹ̀, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó wo ìyá rẹ̀, ojú ìyá mọ́ kedere, ó sì kún fún ìdánilójú. Kò sí ohun tó burú tó ìdánilójú yẹn.

"Mo gbọ́, Màmá," ló wí.

Ó pàdánù sẹ́ẹ̀tì náà. Kí sẹ́ẹ̀tì kẹta tó bẹ̀rẹ̀, àbúrò rẹ̀ fi ìka kan àyà ara rẹ̀, ó mi orí sí i láti orí àga: èmi ni kẹ́ ẹ wò. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Oníife tiẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Bí Kékeré ṣe ń fa ọrùn aṣọ, ó yí ojú sí àbúrò, kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Ṣùgbọ́n ìyá rí i. Oníife rí ọwọ́ ìyá tó dúró lágbedeméjì, ó rí i tí ìyá rọra yí ọrùn láti wo ohun tí ọmọ òun ń wò. Ni Oníife bá sáré gbé ojú padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà lọ, kò tiẹ̀ mọ ibi tó gbà. Àwọn kan ti ń dìde lórí ìjókòó, bí àwọn tó fẹ́ tètè jáde kí èrò tó pọ̀.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìgbà tó dúró láti gba bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ náà yé e. Ojú ìyá rẹ̀ kò bàjẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ pé, ara ẹlòmíràn ló ń wọ̀n. Bí Ọlọ́wọ́-òsì bá yí èjìká báyìí, ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa gbà. Bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a bá yí èjìká bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, òsì ni. Gbogbo ohun tí ìyá ń wí, òótọ́ ni, òdì ni kéèyàn kàn kà á.

Ìyá fọwọ́ kan èjìká ọ̀tún. Oníife mi orí sí i bí ọmọ tó gbọ́ràn, ó sì lọ sí òsì. Bọ́ọ̀lù bá a níbẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún, ó lọ òsì. Òsì, ó lọ ọ̀tún. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jẹ, ìyá á mi orí, á pàtẹ́wọ́ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ pé ṣé mo wí bẹ́ẹ̀. Ó ti gbàgbé ohun tó júwe, jíjẹ tí wọ́n jẹ nìkan ló ń rí. Inú Oníife dùn, ó sì ń bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń na Kékeré lórí pápá, ó sì ń tan ìyá rẹ̀ jẹ lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ àfi àbúrò, tó ti lajú rẹ̀ sílẹ̀ kedere, tó gbé ọwọ́ kan lé ẹnu.

Bí wọ́n ṣe bá a dé ibi tó ku bọ́ọ̀lù kan péré nìyẹn. Bó bá jẹ èyí, ife kẹjọ ti dọ́wọ́. Kékeré ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń na bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láìjù ú sókè. Ni Ọlọ́wọ́-òsì bá dìde gedegbe lórí ìjókòó rẹ̀, ó kígbe sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Fara balẹ̀! Mí dáadáa, má wo ojú ẹ̀." Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Oníife ò wò ó, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, kò sì rí bí ìyá rẹ̀ ṣe wo obìnrin eléwú tó dìde lọ́hùn-ún, kó tó yí ojú padà wo ọmọ gíga tó dúró lórí pápá.

Nígbà tó gbé ojú sókè, ìyá fọwọ́ kan èjìká òsì.

Nǹkan kan wà nínú ọwọ́ náà. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì le. Oníife rí i, ọkàn rẹ̀ sì kọminú, àmọ́ Kékeré ti ju bọ́ọ̀lù sókè, kò sí àyè àròjinlẹ̀. Ó kà á lódì bó ṣe ń kà á láti ẹ̀ẹ̀kan. Ó fò sí ọ̀tún.

Bọ́ọ̀lù gba òsì kọjá, ó tẹ ìlà, ó lọ gbá ògiri.

Ariwo sọ. Oníife ò wo bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ ló wò. Ọwọ́ ìyá ṣì wà lórí èjìká òsì, ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni tó bá ọwọ́ àlejò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè sí ọmọ rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Kì í ṣe ojú ẹni tó gbàgbé. Ojú ẹni tó ń ka èjìká ni.

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó dìde. Àbúrò di apá rẹ̀ mú, ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò pẹ̀lẹ́, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbúrò wo Oníife, kò mọ ibi tí òun máa wà.

"Tẹ̀ lé wọn," ni Oníife wí láti orí pápá, lóhùn rara. Rẹfirí kìlọ̀ fún un, kò gbọ́.

Nígbà tó yí padà, àga méjèèjì ti ṣófo. Láti ìgbà tó ti ń gbá tẹ́níìsì, kò tíì sí ọjọ́ kan tí àga ìyá ṣófo rí. Kékeré ti ṣetán. Wọ́n ti di ọ̀mì, bọ́ọ̀lù méjì ló kù kéèyàn jẹ tẹ̀lé ara wọn. Ojú Oníife ṣì ń wá ibi tó ti mọ́ ọn lára. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju ike omi tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ lọ. Ló bá ṣe ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Ó wo èjìká ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ó rí i. Ó kéré, ó yára, bí ìgbà tí aṣọ bá fún èèyàn lábíyá tó sì ń gbìyànjú láti má jẹ́ kí aránṣọ mọ̀. Òsì. Ó lọ òsì, ó gbá a padà, Kékeré ò lè dé ibẹ̀. Ọ̀kan yòókù pẹ́ kó tó parí, wọ́n gbá a lọ gbá a bọ̀ títí èèyàn fi gbọ́ èémí àwọn méjèèjì lórí ìjókòó, àmọ́ nígbà tí èjìká ọmọ náà ṣí, Oníife ti wà lójú ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù Kékeré kọlu nẹ́ẹ̀tì, ó jábọ́ sápá ibi tó ti wá.

Kò dùbúlẹ̀ lórí pápá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kò ju ràkẹ́ẹ̀tì sókè. Ó lọ bọ ọmọ náà lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí," ni Kékeré wí, ẹkún wà lójú rẹ̀.

"O ṣeun. Ó máa kàn ọ́," ló dá a lóhùn, ó sì sáré gba ẹnu ọ̀nà wọlé, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń gbé tábìlì ife jáde.

Ìyá wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí wọ́n ti ń fọ táwẹ́ẹ̀lì, báàgì lórí itan, àbúrò dúró tì í. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí nínú yàrá náà, ó ń mi ògiri. Oníife kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, òógùn ń kán sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ni ìyá bi í.

"Ìgbà wo kí ni, Màmá?"

"Má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo ní òsì, o lọ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ rẹ ò yọ̀. O ti múra ọ̀tún lọ́kàn kó o tó gbéra. Láti ìgbà wo lo ti ń yí ọ̀rọ̀ mi padà?"

Oníife wo àbúrò rẹ̀.

"Má wo àbúrò ẹ. Èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ẹ̀tì kẹta, Màmá. Ẹ rò pé Ọlọ́wọ́-òsì ni mò ń bá gbá a."

Ìyá ń wo báàgì orí itan rẹ̀. Ẹ̀rọ yí, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ọlọ́wọ́-òsì tó dìde lọ́hùn-ún yẹn. Orí ẹ̀ ti funfun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo sì ń rí i lórí pápá." Kò bi í, ó kàn ń sọ ọ́ sí etí ara rẹ̀ ni. "Èyí tó gbẹ̀yìn ńkọ́? Òsì tí mo júwe?"

"Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà." Ẹkún tó ti ń gbé mì láti ọdún kan bọ́ lójú rẹ̀, kò gbìyànjú láti dá a dúró. "Ẹ tọ̀nà, Màmá. Èmi ni mi ò gbà yín gbọ́."

"O ò jẹ̀bi," ni ìyá wí. "Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, mi ò ní gba ara mi gbọ́. Ṣé òní ló bẹ̀rẹ̀?"

"Rárá, Màmá. Ó ti tó ọdún kan."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀?"

"Àwa méjèèjì ni, Màmá," ni àbúrò wí. "Ẹ̀rù ló bà wá. Ẹ ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò lórí àga yẹn…"

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Ẹnu ò lè mọ èyí tó yẹ kó pa mọ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú ọmọ rẹ̀, bó ṣe máa ń nu tábìlì, láìṣe jẹ́jẹ́. "Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pé mo ṣì. Mo wà níbẹ̀, mò ń mi orí, mò ń pàtẹ́wọ́ fún ara mi, ẹ sì ń wò mí."

Òṣìṣẹ́ kan yọjú láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní wọ́n ti ń dúró de Oníife, kò sì dáa kí wọ́n máa dúró pẹ́. Àbúrò júwe ọwọ́ sí i pé ó ku díẹ̀. Ó padà.

"Ẹ gbọ́ mi," ni ìyá wí. "Mi ò mọ iye ojú tó kù fún mi. Mi ò fẹ́ fi èyí tó kù wo irọ́. Bí mo bá tún ṣìnà, ẹ sọ ọ́ sí mi lójú. Ẹ má bá mi díbọ́n. Bí mo bá bínú, ẹ jẹ́ kí n bínú. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Màmá."

"Dìde, kó o lọ gba ife rẹ."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ìyá rò ó wò, ó dìde. Àbúrò gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà padà, wọn ò yára, Oníife di apá ìyá rẹ̀ mú. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ẹnu pápá ni ariwo àtẹ́wọ́ ń gba inú ilé wọlé, ìmọ́lẹ̀ sì ń mọ́ sí wọn lójú. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n jáde, ìyá dúró. Ó wo èrò náà, ó wo tábìlì tí wọ́n gbé ife sí, ó wo ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ ṣókùnkùn díẹ̀.

"Ta la nà lónìí?" ló bi í.

Àbúrò yára la ẹnu, Oníife sì mọ ohun tó fẹ́ sọ, torí ó wà lẹ́nu òun náà. Orúkọ ọ̀tá àtijọ́ kan wà tí ìyá máa gbọ́ tí inú rẹ̀ á dùn, tí á fi rẹ́rìn-ín níwájú àwọn oníròyìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú kó má sọ ọ́.

"Ọmọdébìnrin kan ni, Màmá. Kékeré ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbá a."

Ìyá wo pápá lọ́hùn-ún.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa," ni ìyá wí, ó sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mú òun jáde.